Ẹ Béèrè Ìdí Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìmọ̀ràn Ìlúwẹ̀ẹ́ Tó Ṣeé Fọkàn Tán

Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kì í wá olùdámọ̀ràn tì. Ọ̀rẹ́ á ní tirẹ̀, olùkọ́ etí púùlù á ní tirẹ̀, fídíò orí fóònù náà á ní tirẹ̀, ọ̀kan kò sì ní bá èkejì mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣèdájọ́ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ṣé ó yára nínú omi, ṣé ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ rí? Èrò tiwa yàtọ̀. Ìdí tó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ má gbé orí sókè, tó sì ṣàlàyé pé bí orí bá ṣe ń gòkè ni ẹsẹ̀ ń rì, ẹ lè dán an wò nínú omi tí kò dé àyà, pẹ̀lú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ara yín ni yóò sì jẹ́rìí. Ẹni tí kò ní ju "bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn" lọ kò tíì fún yín ní nǹkan kan.

Kódà, ẹni tó mọ̀ jù lè ṣì í. James Counsilman, kóòṣì ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́ Mark Spitz, ẹni tó gba góòlù 7 ní Òlíńpíìkì Munich lọ́dún 1972. Ó ya àwòrán àwọn òmùwẹ̀ lábẹ́ omi, ó sì rí i pé ọwọ́ wọn kì í lọ tààrà, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bíi lẹ́tà S. Àlàyé tó ṣe ni pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ bí apá ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọ̀pọ̀ kóòṣì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi S kọ́ ọmọ nìyẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wọn agbára tí ọwọ́ ń lò, wọ́n rí i pé títi omi sẹ́yìn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àti pé bí ara ṣe ń yí sọ́tùn-ún sósì wà lára ohun tó fa kọ́lọkọ̀lọ tí kámẹ́rà rí. Ernest Maglischo, tí òun náà ti kọ S sínú ìwé, yí ohùn padà nínú èyí tó gbé jáde lọ́dún 2003.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé, bí àwọn onímọ̀ bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, kí ló dé tí a ó fi gbà wọ́n gbọ́? Ìyípadà yẹn gan-an ni ẹ̀rí, torí wíwọ̀n ló mú un wá. Spitz gba góòlù 7 nígbà tí àlàyé kóòṣì rẹ̀ ṣì kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó yára lè má mọ ohun tó mú un yára.

Lórí bí ọwọ́ ṣe ń lọ, àṣìṣe kì í sábà ju kí ó rẹni tàbí kí èjìká máa roni lọ. Ti mímí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń kọ́ni pé kí a mí kíákíá léraléra kí a tó wọ abẹ́ omi, pé yóò jẹ́ kí èèyàn pẹ́ níbẹ̀. Ó ń jẹ́ kéèyàn pẹ́ lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ohun tó ń mú kí ara béèrè èémí ni afẹ́fẹ́ tó yẹ ká mí síta tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ju ọ́síjìn tó ń dín kù lọ. Mímí léraléra ń gbá afẹ́fẹ́ yẹn dànù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fi kún ọ́síjìn. Nítorí náà, ọ́síjìn lè lọ sílẹ̀ jù kí ara tó kìlọ̀, ẹni náà á sì dákú lábẹ́ omi láìjà rárá. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, nínú púùlù tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tó bá kọ́ yín báyìí, ẹ má padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Mákòkó kò san owó fún olùkọ́ kankan, síbẹ̀ wọ́n ń wẹ̀ bí ẹja. Wọ́n ní olùkọ́: ẹ̀gbọ́n wọn ni, ojoojúmọ́ ni omi sì ń dán ẹ̀kọ́ náà wò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀kọ́ náà gbè nìkan là ń rí. Ẹni tó bómi lọ kò sí níbẹ̀ láti ròyìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sínú omi lágbàáyé lọ́dún 2021, ó sì ju 9 nínú 10 wọn lọ tó jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ tàbí tó mọ níwọ̀n.

Ìbéèrè kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí ẹ tó fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ bi í pé: "Kí lẹ ó kọ́ ọmọ mi pé kó ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń rì?" Bó bá ní kí ọmọ bẹ́ sómi lọ gbà á, ẹ wá ibòmíràn lọ. Èyí tó tọ́ ni kí ọmọ pariwo pe àgbà, kó na igi sí i láti èbúté, tàbí kó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé sí i, torí pé ẹni tó ń rì máa ń di ohunkóhun tó bá bà mú, títí kan ẹni tó wá gbà á. Bí olùkọ́ bá sọ ìdí yẹn kí ẹ tó bi í, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó.