Ìsinmi Àlùfáà àti Àwọn Ọ̀rẹ́ Àtijọ́

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í gbin orí ilẹ̀ kan náà láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí ó bá rí i pé ilẹ̀ ti ṣá, tí ewé àgbàdo ń pọ́n, tí iṣu kò sì ta dáradára mọ́, a fi í sílẹ̀ kí igbó tún bò ó, kí ewé jíjẹrà sì dá ọ̀rá rẹ̀ padà. Òfin Mósè pàápàá, nínú Ìwé Léfítíkù orí 25, pàṣẹ pé kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje. Bí ilẹ̀ ti rí, bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà rí. Ẹni tí ń wàásù, tí ń sin òkú, tí ń parí ìjà, tí ó sì ń bẹ aláìsàn wò láti ọdún dé ọdún, òun náà a máa ṣá.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn àdúgbò ńlá gidigidi. Ní Ìbà, nítòsí Okokomaiko, ìjọba Lateef Jakande ní Ìpínlẹ̀ Èkó (1979 sí 1983) kọ́ ilé púpọ̀ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, èyí tí a ń pè ní Ìbà Housing Estate. Láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ti wá síbẹ̀. Àlùfáà tí a bá rán sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ yóò rí ẹni púpọ̀ tí ń pè é ní Bàbá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó tó wọ aṣọ àlùfáà a máa ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ìsinmi irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tó, ọ̀dọ̀ ta ni kí ó lọ?

Ọ̀nà tí ó gba Okokomaiko kọjá lọ sí Àgbádárìgì rán ni létí ẹnìkan tí ìtàn rẹ̀ dáhùn ìbéèrè náà. Ní Àgbádárìgì ni Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìíní ọdún 1845, pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ó tó ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n fi dúró, tí wọ́n ń wàásù, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Dídúró náà kò ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Nígbà tí ọ̀nà là, Crowther dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlà, wá a rí. Láti ìgbà tí a ti kó wọn lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821 ni a ti yà wọ́n nípá. Ó lé ní ogún ọdún. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé ni ó ń ṣàn. Àlùfáà tí Bíṣọ́ọ̀bù London gbé ọwọ́ lé lórí ní ọdún 1843 tún di ọmọ níwájú ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín àwọn ènìyàn pàtàkì tí ó péjọ, ẹni méjì wà tí wọ́n mọ̀ ọ́n ní àkókò òṣì. Ọ̀kan ni Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Myrmidon, tí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí tí ń kó ẹrú ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Èkejì ni opó Bíṣọ́ọ̀bù Weeks, tí ó ti kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní ọmọdé ní Sàró. Ìjókòó àwọn méjèèjì níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ọlá kò pa ọ̀rẹ́ àtijọ́ rẹ́.

Síbẹ̀, ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. tí ó gbé Crowther ró, kú ní ọdún 1873. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dìde sí bíṣọ́ọ̀bù náà ní Oníṣà ní ọdún 1890, Venn kò sí níbẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, Crowther kú ní Èkó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀rẹ́ àtijọ́ kí ó bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ yọ̀ǹda àlùfáà yín kí ó sinmi. Ẹ má ṣe sọ pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ bá àlùfáà ìtòsí sọ̀rọ̀ kí ó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fún un ní owó ọkọ̀, ẹ sì di iṣu lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí yín, olùkọ́ tí ó nà yín, àti ẹgbẹ́ tí ẹ jọ kàwé. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí ẹ gbọ́ ìwàásù ẹlòmíràn. Ẹ sùn dáradára lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí àrùn náà lè wà lára láìsí àmì kankan. Jésù pàápàá pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sí apá kan kí wọ́n sinmi díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Máàkù orí 6 ti wí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.