Ṣé Ìkíni Ni Tàbí Ìpolówó Ọjà?

Ẹ kà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:13-15

Àwọn baba wa sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí Kristẹni fi fóònù rẹ̀ polówó aṣọ, oúnjẹ tàbí bàtà. Pọ́ọ̀lù pàápàá pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a jọ sọ nínú ìdílé Ọlọ́run. Ẹnì kan kọ̀wé sí ọ lórí WhatsApp: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ọkàn mi ṣáà ń fà sí yín. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Inú rẹ dùn, o dáhùn. Kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, àwòrán léèsì mẹ́fà ti wọlé pẹ̀lú iye owó wọn. Báwo ni yóò ti rí lára rẹ? Ìwọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni ó ń kí, àpò rẹ ni. Lọ́jọ́ tó bá kí ọ tọkàntọkàn, ó lè má rí ìdáhùn.

Ewu tó wà nínú gúrúùpù ìjọ tún ju èyí lọ. Gúrúùpù WhatsApp kan lè gba ènìyàn 1,024. Bí ènìyàn mẹ́wàá péré bá ń polówó níbẹ̀ láràárọ̀, ọ̀pọ̀ ará yóò pa ohùn rẹ̀ lórí fóònù wọn. Bí arábìnrin kan bá wá kọ̀wé síbẹ̀ lóru pé ọmọ òun wà ní ọsibítù, pé wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀, ta ni yóò gbọ́? A ti fi ariwo ọjà bo igbe ará wa mọ́lẹ̀.

Ẹ wo Lídíà. Oníṣòwò aṣọ elése àlùkò ni, ará Tíátírà. Ní etí odò ní Fílípì, níbi àdúrà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó fetí sí. Lẹ́yìn tí a ti rì í bọmi, ó ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bíbélì kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, síbẹ̀ a kò kà á pé ó tẹ́ ọjà sí etí odò.

Kí ni kí a ṣe?

1. Fún ọjà ní àyè tirẹ̀. Status rẹ ni ìsọ̀ rẹ. Wákàtí 24 ni ohun tí o bá gbé síbẹ̀ ń lò, ẹni tó bá sì fẹ́ ni yóò ṣí i wò. Gúrúùpù ìjọ kì í ṣe ìsọ̀, àfi bí àwọn alábòójútó bá yan ọjọ́ ìpolówó.

2. Bí o bá ń kí ènìyàn, kí i tán. Má so ọjà mọ́ ìkíni, pàápàá níbi ọ̀fọ̀ àti àìsàn. Bí ọjà ni o bá wá tà, sọ ọ́ ní tààrà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjà ni mo bá wá o." Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

3. Mọ oníbàárà rẹ ní ènìyàn. Broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Nítorí náà, ìbárẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe ariwo. Bèèrè bóyá aṣọ tí ó rà bá a mu. Dáhùn pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

4. Má yin ara rẹ jù. Ìwé Òwe 27:2 kọ́ wa pé ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ kí ìyìn wa ti wá. Má sì hùmọ̀ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́.

Ní alẹ́ òní, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Mélòó ni ìkíni? Mélòó ni ọjà? Bó bá jẹ́ ìgbà tí a ní ọjà nìkan ni àwọn ará ń gbúròó wa, ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀nà wa ṣe.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí a ta ará wa nítorí owó. Àmín.