Ọmọ Yín Ti Parí Basic Nílé Iṣẹ́ Ológun Amẹ́ríkà, Kí Ló Dé Tí Kò Tíì Wálé?

Ó ti di ohun tí a ń rí léraléra báyìí. Ọmọ Yorùbá tó ní green card á wọṣẹ́ sójà l'Amẹ́ríkà, á gbé fọ́tò aṣọ ológun sórí Facebook, gbogbo ẹbí á sì máa kí i kú oríire. Mọ́mì rẹ̀ n'Ìbàdàn á rò pé wàhálà ti parí. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọmọ á ní òun ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ wo tún ni? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti dá a padà?

Wọn ò dá a padà o. Basic, tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ 10, ni ibi tí wọ́n ti ń sọ aráàlú di sójà: ìbọn yíyìn, ìrìn ológun, ìgbọràn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń pè ní AIT. (Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ o!)

Iṣẹ́ tó wà nínú ìwé àdéhùn ọmọ ló ń sọ ibi tó ń lọ àti iye ọ̀sẹ̀ tó máa lò. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń lọ sí Fort Leonard Wood ní Missouri, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ò ní AIT lọ́tọ̀. Fort Benning ní Georgia ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì pọ̀, ọ̀sẹ̀ 22.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 68W, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ lójú ogun, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló fọkàn sí iṣẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀sẹ̀ 16 ni tiwọn, ní Fort Sam Houston, San Antonio, Texas. Apá àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì aráàlú ń kọ́ náà ni, ìdánwò National Registry kan náà ni wọ́n sì ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ kò lè di medic, bó ti wù kó mọ ìbọn yìn tó. Apá kejì ló dojú kọ ogun: bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀já líle de ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹni tó gbọgbẹ́ kúrò lójú ìbọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó wọn lọ sínú igbó kí wọ́n lọ ṣe é níbẹ̀.

Fún àwọn kan, ibí yìí le ju basic lọ. Ní basic, ara ló ń jìyà jù. Níbí, wọ́n á sáré ní ìdájí, wọ́n á wá jókòó ti ìwé títí di ìrọ̀lẹ́, oorun á sì máa kùn wọ́n. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọ́n lè jẹ́ kó tún un ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá tún bọ́ sí i, ibi tí iléeṣẹ́ ológun bá ti nílò èèyàn ni wọ́n lè tì í sí. Ẹni tó wá kọ́ ìtọ́jú lè bá ara rẹ̀ nídìí ọkọ̀ akẹ́rù, iye ọdún tó fọwọ́ sí kò sì ní torí ẹ̀ dín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ọmọ ka orúkọ iṣẹ́ inú ìwé náà dáadáa kó tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú, àwọn iṣẹ́ tó jẹ mọ́ àṣírí ìjọba ò ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin òbí, wọ́n ń rí fóònù lò ní AIT ju ti basic lọ, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Agogo 10 àárọ̀ n'Ìbàdàn, agogo 3 tàbí 4 òru ni ní Texas. Owó oṣù ń wọlé lóòótọ́, ti ẹni tó kéré jù ni. Ẹ dákun, ẹ má tíì kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ owó aṣọ ẹbí.

Tó bá parí, ẹni tó wọ Reserve tàbí National Guard máa padà sílé, á máa lọ síbi iṣẹ́ ológun lópin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù. Àwọn tó kù, ìwé àṣẹ ló máa sọ ibi tí wọ́n ń lọ: ó lè jẹ́ Texas níbẹ̀, ó lè jẹ́ Jámánì tàbí South Korea.