Ìkànnì Tí Kì Í Da Èèyàn Láàmú

Bí dánfó bá dúró ní Sàngó, ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni kọ̀ńdọ́ máa ń kọ́kọ́ pariwo: "Ìfọ̀! Ìfọ̀!" Kì í kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹni tó ni ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì rí: kí ẹni tó ṣí i mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ibi tóun ń wá lòun dé.

Ká ní ẹnì kan ní Sàngó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ike tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ Ọ̀tà wa níbí, tó sì fẹ́ ṣe ìkànnì. Oníbàárà tó wà ní Ìfọ̀, tí dátà rẹ̀ ò pọ̀, nǹkan mẹ́ta ló fẹ́ mọ̀: èló ni dọ́sìn kan, ibo ni ṣọ́ọ̀bù wà, nọ́ńbà wo lòun máa pè? Tó bá jẹ́ àwòrán ńláńlá ló kọ́kọ́ rí, á kúrò níbẹ̀, á lọ ra ọjà ẹlòmíì. Dátà tiẹ̀ lọ, ọjà ọlọ́jà ò sì tà.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ ìbéèrè tí oníbàárà máa bi yín, kẹ́ ẹ to ìdáhùn wọn sílẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì jù lókè. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ fi fóònù sọ́kàn. Tẹ́ ò bá kọ <meta name="viewport" content="width=device-width"> sínú ojú ewé náà, gbogbo lẹ́tà á di wínníwínní lórí fóònù. 16px ni browser máa ń lò fúnra rẹ̀; ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kéré sí i.

2. Ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù. Àwòrán 4MB kan wúwo tó àwòrán 20 tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 200KB. Owó ẹni tó ń wò ó lẹ̀ ń ná yẹn o.

3. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà hàn. Dúdú lórí funfun dáa. Yẹ́lò lórí funfun, wàhálà ni fún ojú àwọn àgbà, àgàgà nínú oòrùn.

4. Ẹ kọ <meta charset="utf-8">. Láìsí i, "ọjà" lè di àmì rádaràda.

5. Kí bọ́tìnnì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. "Pè wá" dáa ju "Tẹ ibí" lọ. Tí ẹnì kan bá kọ nọ́ńbà tí kò pé, ẹ sọ fún un pé nọ́ńbà ò pé. Ẹ má kàn kọ "Error".

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ ní kó wá iye owó dọ́sìn kan. Ẹ panu mọ́, kẹ́ ẹ máa wo ìka rẹ̀. Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé èèyàn márùn-ún péré ti tó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àbùkù ìkànnì kan.

Notepad inú kọ̀ǹpútà ti tó láti bẹ̀rẹ̀, kò sì gba dátà. Ẹ fi "index.html" sọ fáìlì yín lórúkọ, kẹ́ ẹ ṣí i nínú browser. Lọ́jọ́ tí ìyá yín bá rí iye owó dọ́sìn kan níbẹ̀ láì pè yín, ẹ mọ̀ pé ìkànnì yẹn ti dáa.