Ṣé O Mọ̀? Ọba Epo Dísù Tó Di Alága Báńkì

Ní Yoko, bí ní Pobè àti Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin, gbogbo ènìyàn ló mọ kpayo, epo tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé epo dísù ló kọ́kọ́ sọ Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá di olówó ńlá? Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i ní 1962. Bàbá rẹ̀, Michael Ọ̀tẹ́dọlá, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣe gómìnà Èkó láti 1992 sí 1993.

Fẹ́mi dá Zenon Petroleum, ilé-iṣẹ́ epo dísù rẹ̀, sílẹ̀, ó sì ra African Petroleum ní 2007, èyí tó wá di Forte Oil. Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mí jù ni 2008. Ní oṣù Keje ọdún náà, àgbá epo rọ̀bì kan kọjá dọ́là 140. Kó tó di ìparí ọdún, kò tó 40 mọ́. Bí owó epo ṣe já lulẹ̀ báyìí, gbèsè báńkì wọ Ọ̀tẹ́dọlá lọ́rùn, ó sì fi ọ̀pọ̀ dúkìá rẹ̀ san án. Ẹni tó bá rò pé olówó kì í ṣubú, kó ka ibẹ̀ dáadáa.

Ní 2019 ó ta ìpín rẹ̀ nínú Forte Oil, ó sì gbájú mọ́ iná mànàmáná ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá Geregu. Ní 2021 ni orúkọ rẹ̀ hàn láàárín àwọn tó ní ìpín tó pọ̀ jù nínú FBN Holdings, ilé-iṣẹ́ tó ni First Bank, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894. Ní oṣù Kínní 2024, wọ́n fi í ṣe alága FBN Holdings.