Eré Yàrá Àtìmọ́lé: Ta Ni Akọni Rẹ̀?

Eré kan ti gbòde ní ilẹ̀ Faransé àti káàkiri àgbáyé: escape game ni wọ́n ń pè é. Takao Kato ló gbé e kalẹ̀ ní Kyoto, ní ilẹ̀ Jàpáànì, lọ́dún 2007. Àwọn ènìyàn díẹ̀ a wọ yàrá kan, a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n sì ní 60 ìṣẹ́jú láti tú àwọn àdììtú tí yóò ṣí àgádágodo.

Irú rẹ̀ kan dá lórí àwọn ọ̀daràn bíi Al Capone ti Chicago, ní àkókò tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí, láti 1920 dé 1933. Eléré gidi ń bẹ nínú rẹ̀: ọ̀kan a ṣe ọ̀gá ọ̀daràn, òmíràn a ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọn a halẹ̀, wọn a purọ́. Ẹni tí a tì mọ́lé ni yóò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́.

Eré yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àdììtú ni àlọ́ àpamọ̀ tí a ń pa lálẹ́. Ní ti eléré, a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ohun àjogúnbá aráyé lọ́dún 2001. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ kì í sọ ọ̀daràn di akọni; ó ń fi í ṣẹ̀sín ní gbangba ọjà ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa ka gaïman, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ọlọgbọ́n: ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí, wọn kò rí òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1931, ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ni ilé ẹjọ́ dá fún Al Capone nítorí owó orí tí kò san. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ náà ní òfin tó de jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2018. Bí 60 ìṣẹ́jú bá pé, ilẹ̀kùn eré a ṣí fún ọ̀mọ̀ràn àti òpè. Ti ẹ̀wọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Aguidi, Pobè àti Sakété, a lè ṣe tiwa nígbà ìsinmi. Yàrá kíláàsì kan àti àgádágodo mẹ́ta tó. Kí àwọn ìyá àgbà fún wa ní àlọ́, kí ẹ kọ àdììtú ní Yorùbá àti Faransé, kí ọ̀kan nínú yín ṣe oníjìbìtì. Ẹni tí ó bá tú àṣírí rẹ̀ ni kí a pàtẹ́wọ́ fún.