Bí Ìwé Kóòtù Ìmígíréṣọ̀n Bá Dé Bá Ọmọ Yín ní Amẹ́ríkà

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ẹbí ní Ìsẹ́yìn àti gbogbo Òkè-Ògùn

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí, Ìgbòho àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n rí gbé. Adájọ́ kankan kò gbọ́ tẹnu wọn. Ti Amẹ́ríkà lónìí yàtọ̀. Àwọn kan wà tí kì í dé kóòtù, bí ẹni tí wọ́n mú lẹ́nu ibodè, ṣùgbọ́n òfin fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù láyè láti rojọ́ kí wọ́n tó lé wọn. Ẹni tó bá rí àyè yìí, kó má jẹ́ kó bọ́.

Notice to Appear ni ìwé tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà. Ẹ ní kí ọmọ yín ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ó rí lẹ́tà A pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun la fi ń wá ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé, òun náà la fi ń mọ ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ̀sùn ìjọba wà nínú ìwé yìí kan náà: ọjọ́ tó wọ̀lú, irú físà tó gbà, ohun tí wọ́n ní ó ṣẹ̀. Kó kà á dáadáa kó tó dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” níwájú adájọ́.

Bí kò bá yọjú ní kóòtù, adájọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n lé e lẹ́yìn rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Òmíràn kó kúrò nílé, lẹ́tà sì lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Ọjọ́ 5 péré ni òfin fún un láti fi àdírẹ́sì tuntun tó kóòtù létí. Òmíràn ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì nídìí, torí wọ́n ti mú àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí agbẹjọ́rò tẹ̀ lé e lọ. Ìjọba kì í san owó agbẹjọ́rò yìí, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ Yorùbá kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun mọ adájọ́, ẹ má fún un lówó.

Ẹni tó ti ní green card fún ọdún 5, tó sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 7 lẹ́yìn tó fi ìwé wọlé, lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má lé òun, bí kò bá ti jẹ̀bi irú ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ìmígíréṣọ̀n kà sí ńlá. Ẹni tí kò níwèé gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 10, kó jẹ́ ẹni tó níwà, kó sì fi hàn pé ìyà tó kọjá ààlà ni yóò jẹ ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card. Ó dun ni, ṣùgbọ́n ìyá tó wà ní Ìsẹ́yìn kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó sá fún ewu nílé gbọ́dọ̀ tọrọ ààbò láàárín ọdún kan tó wọ̀lú, àfi bó bá ní ìdí pàtàkì.

Ìwé láti ilé ni iṣẹ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Àjọ National Population Commission ló ń fún àgbàlagbà ní ìwé tó dúró fún un. Ẹ wo orúkọ fínnífínní. Bí WAEC bá kọ Raufu, tí páàsì kọ Rafiu, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni, kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀rí, ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ kọ. Ọjọ́ kan tó bá ta ko ohun tí ọmọ sọ lè mú kí adájọ́ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ tọrọ ààbò lè pàdánù ẹ̀tọ́ ìwé ìgbélùú títí láé.

Bí ìdájọ́ kò bá gbè é, kó sọ ní kóòtù lọ́jọ́ náà pé òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó sì béèrè ọjọ́ tí àyè rẹ̀ yóò parí. Kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò tíì kà.